Mo ní ó ń dùn mí, wọn kò dúró: ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín ọgbọ́n mi

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti yọ eyín ọgbọ́n mi, eyín tó máa ń hù kẹ́yìn lẹ́nu, ti ìsàlẹ̀ lápá òsì, èyí tó sùn sílẹ̀ nínú egungun, tó sì fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Ìbàdàn ni wọ́n ti yọ ọ́. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, n kò sì ní dárúkọ dókítà, nítorí pé mo fẹ́ kọ́kọ́ fún wọn láyè láti dá mi lóhùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ohun tó yẹ kí aláìsàn fara mọ́ ni.

Ó tó oṣù mẹ́rin tí eyín náà ti ń yọ mí lẹ́nu. Èrìgì tó bò ó á wú, ọyún á máa jáde níbẹ̀, ẹnu mi kò sì ní là dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Bí mo bá lo oògùn apakòkòrò, á rọlẹ̀, á sì tún padà. Dókítà eyín tó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, ó sì ní kí n lọ bá ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ẹnu. Níbi tí mo wá lọ, wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi jókòó kí wọ́n tó pè mí wọlé. Mo ti dùbúlẹ̀ sórí àga, wọ́n ti so aṣọ mọ́ mi láyà, iná ti mọ́lẹ̀ sí mi lójú, kí nọ́ọ̀sì tó gbé ìwé olójú ewé méjì kan wá pé kí n fọwọ́ sí i. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ sí ni. Mo fọwọ́ sí i. Orí àga yẹn náà ni mo ti gbọ́ pé 85,000 náírà tí wọ́n pè fún mi lórí fóònù ti di 140,000 náírà, nítorí pé eyín náà yóò gba iṣẹ́ abẹ.

Dókítà wọlé, kò kí mi, kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ méjì, ó jáde, ó sì padà wọlé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò bi mí ní ohunkóhun. Bí ọ̀bẹ ṣe kan èrìgì mi báyìí, gbogbo ara mi ta gìrì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi la ẹnu mi wà níbẹ̀, rọ́bà tí ń fa itọ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn méjì sì wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì gbá ọwọ́ náà mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Dókítà ní, “Màdáámù, ẹ má ṣe bí ọmọdé. Kò lè máa dùn yín, mo ti fún yín lábẹ́rẹ́.” Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, òun àti nọ́ọ̀sì sì ń sọ̀rọ̀ lórí mi nípa iye tí wọ́n ń ra dísù fún ẹ̀rọ iná. Mo bí ìbejì láìsí abẹ́rẹ́ kankan, n kò sì sunkún lọ́jọ́ náà. Mo sunkún lórí àga yẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n di òwú sí mi lẹ́nu, wọ́n kọ oògùn fún mi, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí mo lè jẹ tàbí ohun tí n kò gbọ́dọ̀ ṣe. Títí di òní yìí, ìdajì ètè mi ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mi lápá òsì ṣì kú tipiri. Bí mo bá mu omi, á máa ṣàn sí mi láyà láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó gbé fóònù ní yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ìrora náà ti ń lọ. Ohun tí kò tíì lọ ni ọwọ́ mi tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àga.

Àgbà Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní láti dìde kúrò nídìí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìgbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wọ́n yọ eyín kan fún mi, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ mu sìgá. Mo mu ún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta ni ìrora tuntun dé, èyí tó gba inú etí bọ́ sí àtàrí, ẹnu mi sì ń rùn débi pé ìyàwó mi ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì sínú ihò eyín ló ti ṣí kúrò, egungun wá wà níhòòhò. Dókítà tó fọ ihò náà fún mi, tó sì fi oògùn dí i, sọ fún mi pé gbólóhùn kan ṣoṣo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o sọ pé wọn kò sọ ohunkóhun fún ọ kí o tó lọ, n kò lè kà á sí nǹkan kékeré.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrora, Ìyá Ìbejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ bínú. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Àbúrò mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì mọ bí iṣẹ́ ṣe ń pá wọn lórí, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kó lọ sí òkè òkun. Bí aláìsàn bá ju ọwọ́ sókè nígbà tí ọ̀bẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè gé ahọ́n, ó lè gé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ààbò yín ni nọ́ọ̀sì náà ń wá nígbà tó di ọwọ́ yín mú. Mo tún ti gbọ́ pé títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń mọ̀ lára tí wọ́n á pè é ní ìrora.

Oníṣègùn Eyín, Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ eyín ni mo ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún méjìdínlógún. N kò ní gbèjà ohun tí kò ṣeé gbèjà.

Abẹ́rẹ́ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi aláìsàn. Níbi tí ọyún bá ti ń gbé, ara ibẹ̀ máa ń kan ju bó ṣe yẹ lọ, kíkan náà kì í sì í jẹ́ kí lidocaine, oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà, wọ inú iṣan ìmọ̀lára dáadáa. Lẹ́yìn èyí, iṣan tí a ń wá fún eyín ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn párì níbi tí ojú wa kò dé, ibi tó sì gbà kọjá yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ wa pé kí a tó mú ọ̀bẹ, kí a bi aláìsàn bóyá ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti wúwo, bóyá ó ti kú tipiri dé àárín, kí a sì fi ṣóńṣó irinṣẹ́ kan èrìgì náà wò. Bí kò bá tíì kú, a ó dúró, a ó sì tún un gún, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì kọjá ìwọ̀n oògùn tí ara ẹni náà lè gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lè má tó rárá fún abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀.

Òótọ́ wà nínú ohun tí Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀ sọ nípa títẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í mú títẹ̀ àti fífà kúrò. Aláìsàn yóò mọ̀ pé wọ́n ń ti òun, yóò sì gbọ́ ìró egungun nínú etí ara rẹ̀, ó sì lè dẹ́rù bà á gidigidi. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ló fi yẹ kí a sọ ọ́ fún un ṣáájú. Ẹni tí a bá ti ṣàlàyé fún yóò lè sọ bóyá títẹ̀ ni tàbí ìrora. Ní ti ọwọ́ tí wọ́n dì mú, lóòótọ́ ni ọwọ́ tí a jù lójijì léwu, àmọ́ ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a gbé irinṣẹ́ kúrò lẹ́nu, kí a sì bi aláìsàn léèrè. Dídi ọwọ́ rẹ̀ mú láti lè máa bá iṣẹ́ lọ kì í ṣe ààbò fún un.

Ọ̀rọ̀ ètè yín ló wà lọ́kàn mi jù. Ihò tóóró kan wà nínú egungun párì ìsàlẹ̀ tí iṣan ìmọ̀lára gbà kọjá lọ sí ètè àti àgbọ̀n, gbòǹgbò eyín ọgbọ́n sì lè jókòó lé e lórí. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ya àwòrán X-ray kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwòrán bá fi hàn pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, a lè ya àwòrán CT, èyí tó ń fi egungun hàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kún un, tàbí kí a gé orí eyín náà nìkan, kí a sì fi gbòǹgbò sílẹ̀ níbi tó wà. Abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ sábà máa ń ká kúrò láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí náà ètè tó kú di ọjọ́ kẹsàn-án kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lásán mọ́. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, àwọn díẹ̀ kì í sì í padà tán. Ẹ má dúró. Ẹ lọ rí oníṣẹ́ abẹ ẹnu mìíràn ní ilé ìwòsàn ńlá láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó fi òwú àti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ dán ibẹ̀ wò, kí ó sì fi gègé ya ààlà ibi tó kú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń dínkù. Títí di ìgbà náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kọ gbígbóná àti àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ètè tó kú kì í mọ ooru, ẹ sì lè gé e jẹ láìmọ̀.

Mo ní ìbéèrè méjì fún yín. Ǹjẹ́ wọ́n ya àwòrán X-ray kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ ibi tó kú náà máa ń rìn yín bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gidigidi, Dókítà. Wọ́n ya àwòrán, ṣùgbọ́n n kò rí i. Òun nìkan ló wò ó, kò sì sọ ohun tó rí fún mi. Bí èèrà ṣe ń rìn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti àná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀, n kò bínú sí yín. Mo mọ títẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ yẹn náà nígbà tí ó ń ti eyín náà síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ yàtọ̀ sí i. Ó dà bí ìgbà tí abẹ gé ọ níka, tí o wá ń fi ojú ọgbẹ́ náà gbo ata. Bí ó bá jẹ́ pé ó dúró fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ó ní, “Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún mi,” kódà bí kò bá sí ohun mìíràn tó lè ṣe, n kò rò pé n óò kọ̀wé síbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ló mú mi dá sí i. Wọ́n yọ tèmi níhìn-ín, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ohun gbogbo dára lọ́dọ̀ wa, nítorí pé oṣù méje ni mo fi dúró lórí ìlà kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti yọ ọ́ pàápàá. Ìlànà tí NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níhìn-ín, gbé jáde ní ọdún 2000 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tó ní kí wọ́n má ṣe yọ eyín ọgbọ́n tí kò ní àrùn. Ìgbà tí tèmi wú lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó gbà.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé, ìwé ti dé ilé mi, ewu ètè àti ahọ́n tó lè kú sì wà nínú rẹ̀ kedere. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kà á, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi kí ó bá mi tún un kà. Ní orí àga, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà sọ ni pé bí mo bá fẹ́ kí òun dúró, kí n na ọwọ́ òsì. Mo nà án lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹjọ́ kan wà níhìn-ín tó mú ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda le sí i. Ìyá kan ní Scotland, Nadine Montgomery, tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ni dókítà rẹ̀ kò sọ ewu ìbímọ lójú ara fún, ọmọ rẹ̀ sì fara pa nígbà ìbí. Ní ọdún 2015 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dá a láre. Wọ́n ní ewu yòówù tí ẹni tó wà ní ipò aláìsàn náà yóò kà sí pàtàkì, dókítà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe dókítà ni yóò pinnu pé ọ̀rọ̀ náà kò kan aláìsàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Èkó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé London nìkan ni irú rẹ̀ wà. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò tí ara rẹ̀ wà, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Òfin náà tún ní kí wọ́n ṣe àlàyé yìí, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe mọ ìwé sí. Ìwé tí wọ́n gbé síwájú ẹni tó ti dùbúlẹ̀, tí iná wà lójú rẹ̀, tí kò sì rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kò jọ ohun tí abala náà ń sọ. Owó tó yí padà lórí àga náà kò jọ ọ́.

Abala 30 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹ̀sùn wá nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú yín, kí wọ́n sì ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà fúnra wọn, kí ẹ kọ ọjọ́, aago àti gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín àti àwòrán X-ray náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín lórílẹ̀-èdè yìí, Medical and Dental Council of Nigeria, ń gba ẹ̀sùn. Ní ti owó, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, lè gbọ́ ọ. Àwọn náà ló gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde ní ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ CPC. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Adùkẹ́, Ìlọrin

Irú èyí ni kò jẹ́ kí n lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí eyín kan ti ń dùn mí, kànáfùrù ni mo ń fi há a, mo sì ń fi orin ata pa á, nítorí pé ó máa ń mú ẹnu kú díẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yìí, ẹ̀rù túbọ̀ ń bà mí.

Oníṣègùn Eyín, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi Adùkẹ́, n kò ní fi kànáfùrù bú yín. Ohun tó wà nínú òróró rẹ̀ ni àwa náà ń pò mọ́ oògùn tí a fi ń dí ihò eyín tó bá ń dunni. Ó ń mú ìrora rọlẹ̀, àmọ́ kò lè dé ibi tí ọyún wà nídìí gbòǹgbò. Ọyún eyín ìsàlẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn, mo sì ti rí ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọrùn yín ń wú, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Kí ó má bàa dé ibẹ̀, ẹ mú ẹnìkan dání lọ rí dókítà eyín, kí ẹ sì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti gbọ́ ìyẹn, ẹ dìde níwájú rẹ̀, kí ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀, Abẹ́òkúta

Mo pe àbúrò mi, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní níbi iṣẹ́ tòun, bí aláìsàn bá na ọwọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì, Ìyá Ìbejì. Ohun tí mo sọ nípa àárẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, mo ṣì dúró lórí rẹ̀, àmọ́ kò yẹ kí n gbé e ka orí ọgbẹ́ yín.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì ṣèlérí fún àwọn kan nínú yín pé n óò padà wá.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó dáhùn. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà àwòrán náà, wọ́n sì dá 55,000 náírà tí wọ́n fi kún owó padà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ nípa ìrora kò ju pé “ara ènìyàn yàtọ̀ síra”. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ọwọ́ mi. Mo ti tún kọ̀wé padà sí wọn pé ìyẹn gan-an ni mo ń béèrè, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí Dókítà ti gbà mí nímọ̀ràn. Àwòrán náà fi hàn pé gbòǹgbò eyín mi fara ti ihò iṣan lóòótọ́. Ẹni tó yẹ̀ mí wò ní bóyá ni ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ètè náà kò ní kú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi, kí n fi ojú ara mi yàn. Ó fi gègé ya ààlà ibi tó kú. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ààlà náà ti fi ìbú ìka kan sún sí ìsàlẹ̀. Mo ti ń mọ̀ bí omi bá kan ìgun ẹnu mi.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ yìí ni ó fẹ́ fọ ihò eyín náà. Bí ó ṣe gbé irinṣẹ́ báyìí, ọwọ́ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun dúró nígbàkígbà, kí n na ọwọ́. Mo bi í bóyá yóò dúró lóòótọ́. Ó ní kí n dán an wò. Ó tún bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dùn mí rárá, mo na ọwọ́ òsì. Ó gbé irinṣẹ́ kúrò lẹ́nu mi, ó jókòó, ó sì ń wò mí títí mo fi sọ ọwọ́ kalẹ̀.